Sísọ Ọ̀rọ̀ àti Àgbọ́yé

Ní Paris ní ọdún 1861, Dókítà Paul Broca yẹ ọpọlọ òkú ọkùnrin kan wò. “Tan” ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ó lè wí láyé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń yé e. Iwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì ni ó ti bàjẹ́. Ní 1874, Carl Wernicke, ará Jámánì, so àgbọ́yé mọ́ apá ọpọlọ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ní 1967, Alvin Liberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé ètò tí a fi ń darí ètè àti ahọ́n ni a fi ń dá ìró ọ̀rọ̀ mọ̀. Ìwádìí òde òní fi hàn pé ètò náà ń ranni lọ́wọ́ lóòótọ́, pàápàá nínú ariwo. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùdánwò, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi kíkólòlò akẹ́kọ̀ọ́ díwọ̀n àgbọ́yé rẹ̀.