Ṣé Ewu Wà Nínú Pípo Epo Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Pọ̀ Nínú Ọkọ̀ Asáré?

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, epo bẹntiróòlù tó wọ́n jù lọ ni wọ́n máa ń rà sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré bíi Porsche àti Corvette. Ẹ̀rù sì máa ń ba àwọn kan pé bí epo ilé-iṣẹ́ méjì bá pàdé nínú táńkì, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, páìpù kan náà ló ń gbé epo wọn dé ibùdó ìpamọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sínú ọkọ̀ agbépo ni ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi kẹ́míkà tirẹ̀ tó ń fọ ẹ́ńjìnnì sí i. Láti ọdún 1995 ni òfin ti sọ kẹ́míkà yìí di dandan nínú gbogbo epo bẹntiróòlù. Ti ilé-iṣẹ́ kan lè pọ̀ ju ti òmíràn lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn jà.

Ohun tó yẹ kí awakọ̀ ṣọ́ ni nọ́ńbà ọ́kítéènì tó wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo. Bí ó bá ṣe ga tó ni epo ṣe ń fara da ìfúnpá inú ẹ́ńjìnnì tó, tí kò fi ní gbiná ṣáájú àsìkò. Bí wọ́n bá po 91 àti 93 pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, nǹkan bíi 92 ni wọn yóò rí. Ṣùgbọ́n bí 87 bá wọ inú 93 bẹ́ẹ̀, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 90. Bí ìwé ọkọ̀ bá béèrè fún 91, ọkọ̀ òde òní yóò dín agbára ara rẹ̀ kù. Ẹ́ńjìnnì ti àtijọ́ lè máa dún kọ́kọ́kọ́ títí yóò fi bàjẹ́.

Nítorí náà, nọ́ńbà ni kí awakọ̀ wò, kì í ṣe orúkọ ilé epo.