Iyọ̀ Nìkan Kọ́ Ló Ń Jẹ Irin Ọkọ̀

Nígbà òjò, bí ọkọ̀ bá ti kúrò lórí títì ọ̀dà ní Ìlobù tàbí Ifọ́n Ọ̀ṣun, amọ̀ pupa ni táyà ń ta sábẹ́ fẹ́ńdà àti sára ilẹ̀kùn. Abájọ tí àwọn onímọ́tò fi ń so mọ́dúgáàdì, rọ́bà tó ń gba ẹrẹ̀ lẹ́yìn táyà, tí ẹlòmíràn sì ń so ó fúnra rẹ̀ nílé. Iṣẹ́ gidi ni rọ́bà náà ń ṣe, ó sì ń gba ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ òkúta àti omi ẹrẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ tún ṣe ni ìgbàgbọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn: pé ìlú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín, nìkan ni ọkọ̀ ti ń dógùn-ún, nítorí náà kí a fi dírììlì lu fẹ́ńdà níbi tó bá wù wá.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ a máa mú ìpáàrà yára gidigidi, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń dá a sílẹ̀. Irin, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti tó. W. H. J. Vernon, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí lórí èyí ní àwọn ọdún 1920 àti 1930. Ó rí i pé irin tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò kí eruku má bà á pẹ́ kó tó dógùn-ún ju èyí tó wà ní gbangba. Ó tún rí i pé nínú afẹ́fẹ́ tí èéfín ti bà jẹ́, bí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpáàrà a yára lójijì. Ọ̀rinrin Ìlobù kọjá bẹ́ẹ̀ lóru ìgbà òjò. Amọ̀ tó há sáàárín rọ́bà àti irin sì ń di omi mú síbẹ̀ lẹ́yìn tí ara ọkọ̀ yòókù ti gbẹ.

Iyọ̀ tí wọ́n ní kò sí nílẹ̀ wa náà ń wọlé. Tòkunbọ̀ tó ti rìn ní Kánádà tàbí àríwá Amẹ́ríkà lè ti gbé e wá nínú oríkèé irin rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní wọ́n ti fi síńkì bo irin ọkọ̀ òun, bí ti Audi 80 tó jáde ní 1986. Síńkì ń dáàbò bo etí ihò kékeré lóòótọ́, nítorí òun ni ìpáàrà ń kọ́kọ́ jẹ. Àmọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń tán lọ.

Kí a tó lu ihò rárá, ẹ yẹ abẹ́ fẹ́ńdà wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, skúrù tó di rọ́bà inú rẹ̀ mú ti wà níbẹ̀. Ihò rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí táyà iwájú má baà máa ha rọ́bà tuntun. Bí lílu bá di dandan, ẹ gbá ẹ̀rúnrún irin kúrò, ẹ kun etí ihò ní páìmà àti pẹ́ńtì, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi gíríìsì sí i. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́.

Ẹni tó bá ti lu tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó yọ skúrù náà kí òjò tó dé, kó fi sáńdípépà ha etí ihò títí irin yóò fi máa dán, kó sì kùn ún bákan náà.