Ojú Tí Ń Wo Ògẹ́rẹ́ Láti Òkè: Ìtàn RECTAS ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ayé àwọn baba wa, nígbà tí Àjùwọ̀n, àdúgbò tí mo ń gbé ní ìhà Ìfọ̀, ṣì jẹ́ ilẹ̀ oko, tí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ń hù níbi tí páànù òrùlé ti fi orí kan orí lónìí, bí a bá bi àgbẹ̀ kan léèrè ibi tí oko rẹ̀ dé, kì í wá ìwé kankan jáde: pèrègún ni yóò nàka sí, bí kì í bá ṣe pèrègún, odò ni, bí kò bá sì sí odò, ọ̀gán tí baba rẹ̀ bá níbẹ̀ ni. Inú orí ni àwòrán ilẹ̀ wà nígbà náà, ẹnu àgbà ni a sì ti ń gbọ́ ọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wọ igbó pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin rẹ̀. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà nínú àwọn ènìyàn wa. Ìlú Plymouth ni ó ti kọ́ ọ, ó sì padà sí Èkó ní 1893 láti bá ìjọba wọn ilẹ̀, kí ó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì wá dúró ti àwọn onílẹ̀ Èkó nínú ẹjọ́ tí Olóyè Olúwa bá ìjọba ṣe, èyí tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921 tí Olúwa sì jàre.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi ń rìn, igbó sì pọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú dé, àwọn oyìnbó rí i pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí abẹ́ ikùn rẹ̀, tí ó ń fò lọ tààrà lórí ìlà kan, tí ó sì ń ya ilẹ̀ ní àyàtúnyà, tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán kan tún ń hàn nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, ẹni tí ó bá fi awò olójú méjì wo àwòrán méjèèjì yóò rí òkè àti àfonífojì bí ẹni pé wọ́n ń hù jáde láti inú bébà. Ojú ọ̀tún wo ọ̀kan, ojú òsì wo èkejì, ọpọlọ sì so wọ́n pọ̀. Láti orí tábìlì ni ènìyàn yóò ti wọn gíga òkè tí kò gùn rí.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí jìnnà sí wa. Ọ̀kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí jù fún un ni èyí tí Willem Schermerhorn, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìjọba Netherlands lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dá sílẹ̀ ní Delft ní 1950. Níbẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, kò sí igbó ẹgàn, kò sì sí ọyẹ́. Ní 1963 ni àwọn onímọ̀ àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà kọ́kọ́ ṣe ìpàdé ńlá ní Nairobi lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, èrò pé kí Áfíríkà ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972 ni RECTAS, ilé-ẹ̀kọ́ fún wíwọn ilẹ̀ láti òfurufú, dé, lábẹ́ ìgbìmọ̀ Àjọ náà tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ajé Áfíríkà, nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ẹ̀ka yunifásítì ni, nítorí ẹnubodè kan náà ni a ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àlejò ni, tí ó ní olówó orí tirẹ̀: Nàìjíríà, Benin, Burkina Faso, Cameroon, Ghana, Mali, Niger àti Senegal. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Faransé ni a fi ń kọ́ni níbẹ̀, ọmọ Mali a sì máa bá ọmọ Ìjẹ̀bú tò síwájú olùkọ́ kan náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ̀yà.

Bóyá àyè ilẹ̀ nìkan ni àwọn tí ó yan Ifẹ̀ ń wò. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá wo ni kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́, pé Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, níbi tí akùkọ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ti tan iyẹ̀pẹ̀ ká tí ilẹ̀ fi gbòòrò, ni a tún ti ń kọ́ni bí a ti ń wọn ilẹ̀ náà?

Àkókò tí wọ́n dá RECTAS sílẹ̀ ya ni lẹ́nu. Ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1972 kan náà ni Amẹ́ríkà ju sátẹ́láìtì tí a wá ń pè ní Landsat sókè, tí ó ń yí ayé po ní ibi tí ó ju 900 kìlómítà lọ, tí ó sì ń padà wo ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 18. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n dá RECTAS sílẹ̀ fún, orúkọ rẹ̀ sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí òfurufú fi di kékeré, tí wọ́n tún orúkọ ṣe kí ó lè gba ojú sánmà mọ́ ọn, kó tó wá di AFRIGIST. Nínú àwòrán sátẹ́láìtì, ewé tútù a máa pọ́n bí osùn, nítorí pé ewé ń dá ìmọ́lẹ̀ kan padà tí ojú ènìyàn kò lè rí, pupa ni àwọn onímọ̀ sì fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Kùrukùru ìhà gúúsù wa ni ọ̀tá iṣẹ́ náà. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ fi gba àwọn oníredà ní nǹkan bí 1976, tí ọkọ̀ òfurufú wọn la Nàìjíríà já, nítorí ìgbì redà ń gba inú kùrukùru kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀; láti inú àwòrán wọ̀nyí ni a ti rí máàpù igbó àti oko gbogbo orílẹ̀-èdè yìí.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003, wọ́n ju NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì ti Nàìjíríà, sókè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kàn án, kò ju nǹkan bí 100 kìlógíráàmù lọ, àmì kan nínú àwòrán rẹ̀ sì dúró fún mítà 32 lórí ilẹ̀. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé kí ni ẹni tí kò ní iná ń wá ní ojú sánmà. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín, pàápàá lẹ́yìn tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, tí àwòrán sátẹ́láìtì wa sì wà lára àwọn tí wọ́n fi wo omíyalé tí ó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun ìrókò, kò lè rí i. Sátẹ́láìtì ti gun ohun tí ó ga ju ìrókò lọ, ó sì rí Èkó bí ó ti ń ṣàn wọ ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Mowé àti Ìbàfò ní etí ọ̀nà Ìbàdàn títí dé Ìfọ̀ níhìn-ín, tí pupa bí osùn ń dínkù, tí àwọ̀ páànù ń pọ̀ sí i. Ó rí òrùlé. Kò rí ẹni tí ó ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn méjì. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kì í sì í béèrè lọ́wọ́ sátẹ́láìtì kí wọ́n tó kọ “ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà” sí ara ògiri ẹlẹ́ni.

Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́, afọkọ́-yẹrí. Ní ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ní Àjùwọ̀n, pèrègún kan ṣì dúró láàárín ògiri méjì, ó tínrín bí ọ̀pá àgbà. Nínú àmì mítà 32, òun àti ilé mẹ́ta tí ó yí i ká, àwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.