Ìdágbére fún Lápàdé: Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Òkédìjí Lójú Òǹkàwé Àkókó

Ìwé méjì ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi sọ Lápàdé di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí, Tàfá Ìgíripá sì ni alábàárìn rẹ̀. Àsìkò tí àwọn ìwé náà jáde ṣe pàtàkì. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Lọ́dún kan náà ni ìjọba ológun ṣòfin pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Nígbà tí ó di 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní etíkun Èkó lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí à ń kà lónìí bí ìtàn àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu ará ìlú nígbà náà ni.

Ní Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, Yorùbá ẹnu Lápàdé kì í ṣe èdè ìdí ààrò. Ọmọ Ọ̀kà tí ó ń sọ ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ nílé, ilé-ìwé ni ó ti pàdé Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi kọ ọ́. Ìtàn ẹ̀rù tí ó bá nílé náà yàtọ̀: ogun Núpé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó lé àwọn ènìyàn gun orí òkè àpáta. Ọ̀tá ìgbà náà hàn kedere. Láti àríwá ni ó ti ń bọ̀, orí ẹṣin ni ó sì wà. Ọ̀tá inú ìwé Òkédìjí lè jẹ́ aládùúgbò tí ń kí ni káàárọ̀. Ìkàrẹ́ ńkọ́, ìlú ọjà tí èrò Ọ̀wọ̀, Èkìtì àti Òkènè ń gbà kọjá? Níbẹ̀, àlejò tí a kò mọ orírun rẹ̀ kì í ṣe àròsọ lásán.

Nígbà tí Atótó Arére jáde ní 1981, Lápàdé kò sí níbẹ̀. Àlàbá, ọmọ tí ilé tú mọ́ lórí tí ó sì bọ́ sínú ìwà ọ̀daràn, ni ó gba àárín ìtàn. Òǹkàwé tí ó ti ń bá ọdẹ rìn wá di ẹni tí ń bá ẹran sá. Kì í ṣe pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kú. Owó Ẹ̀jẹ̀ Kọ́lá Akínlàdé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 1976 ni. Ìbéèrè ni ó yí padà, láti orí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ibi sí orí ohun tí ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kejì jinlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n kò ní ìtura tí Lápàdé máa ń mú wá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi Amọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀, àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá lè mọ ipasẹ̀ ọ̀daràn tún padà wá sí ojú ọ̀nà Àkókó, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti òfin ìpínlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tàfá nìkan ni ó wà lẹ́yìn Lápàdé.