Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìdájọ́ Àwọn Òǹwòran Lórí Sinimá Jeanne d'Arc

Ìfáàrà

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá wo ojú ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó má mọ inú rẹ̀. Kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó sinimá aláìfọhùn, èyí tí àwọn ènìyàn ń wò kí ó tó di pé sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nínú irú sinimá bẹ́ẹ̀, ojú òṣèré ni ẹnu rẹ̀.

Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni La Passion de Jeanne d'Arc, èyí tí ó túmọ̀ sí Ìjìyà Jeanne d'Arc. Carl Theodor Dreyer, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni ó darí rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1927. Wọ́n sì kọ́kọ́ fi í han àwọn ènìyàn ní 1928. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹwòran ti ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bínú sí i, ìjọba kan tilẹ̀ wà tí kò jẹ́ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ wò ó. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: kí ló fà á tí ìdájọ́ wọn fi yàtọ̀ sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀? Òtítọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ojú ènìyàn kò sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn sinimá yìí, ìdí mìíràn wà tí ó ju èyí lọ. Fún nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ohun tí àwọn òǹwòran ń dá ẹjọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

Ta ni Jeanne d'Arc?

Ọmọ àgbẹ̀ ni Jeanne. Abúlé Domrémy, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1412. Ogun ń jà nígbà náà láàárín àwọn ọba Faransé àti àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì, ogun tí ó gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ó tó parí. Jeanne ní òun ń gbọ́ ohùn àwọn ẹni mímọ́, ó ní wọ́n rán òun láti gba ilẹ̀ baba òun sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1429, ó wà láàárín àwọn ọmọ ogun tí wọ́n tú ìdótì ìlú Orléans ká. Ní oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n dé Charles Keje ládé ní ìlú Reims, Jeanne sì wà níbẹ̀.

Ọdún kan kò tíì pé lẹ́yìn ìwúyè yìí tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ní Compiègne. Àwọn ará Burgundy tí wọ́n mú un tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹjọ́ ìjọ ní ìlú Rouen sì ni wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Pierre Cauchon, Bíṣọ́ọ̀bù Beauvais, ni olórí àwọn adájọ́. Wọ́n dá a lẹ́bi pé aládàámọ̀ ni, wọ́n sì dáná sun ún ní ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún 1431. Kò ju bí ọmọ ọdún 19 lọ.

Àwọn tí ó pa á ni wọ́n tún fi ẹ̀rí sílẹ̀ fún un. Àwọn akọ̀wé ilé-ẹjọ́ náà kọ ìbéèrè àwọn adájọ́ àti ìdáhùn ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Ìwé yìí kò ṣègbé. Ní 1456, ilé-ẹjọ́ mìíràn tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ Póòpù tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n pe àwọn ẹlẹ́rìí, wọ́n sì pa ìdájọ́ ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ní 1920, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún ka Jeanne mọ́ àwọn ẹni mímọ́ Ìjọ Àgùdà.

Bí Dreyer ṣe gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀

Ọdún méje péré lẹ́yìn tí wọ́n sọ Jeanne di ẹni mímọ́ ni Dreyer bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ ti ra ẹ̀tọ́ láti lo ìwé kan tí Joseph Delteil kọ nípa Jeanne, ṣùgbọ́n ìwé ẹjọ́ Rouen fúnra rẹ̀ ni Dreyer gbé lé iwájú. Òpìtàn Pierre Champion, ẹni tí ó ti tẹ ìwé ẹjọ́ náà jáde, ni olùdámọ̀ràn rẹ̀. Nínú sinimá náà, kò sí ogun, kò sí ẹṣin, kò sí ìwúyè. Ẹjọ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ oṣù ni Dreyer ká jọ bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Wọ́n kọ́ ilé ńlá tí ó jọ ilé olódi ayé àtijọ́, owó gọbọi sì ni wọ́n ná lé e lórí. Síbẹ̀ díẹ̀ ni òǹwòran ń rí nínú rẹ̀. Ojú ènìyàn ni Dreyer fi kámẹ́rà sún mọ́. Kò jẹ́ kí àwọn òṣèré kun àtíkè tàbí ọ̀dà sí ojú, nítorí náà gbogbo hunjọ àti gbogbo òógùn ni ó hàn. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ ni kámẹ́rà wà tí ó ti ń wo àwọn adájọ́ lókè, kí ó lè dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wó lu òǹwòran mọ́lẹ̀. Renée Falconetti, òṣèré orí ìtàgé ní Paris, ni ó ṣe Jeanne. Nígbà tí ó di pé kí wọ́n fá orí Jeanne nínú eré, irun orí Falconetti gan-an ni wọ́n gé.

Ìdájọ́ àkọ́kọ́

Kí sinimá náà tó jáde rárá ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Inú bí àwọn kan ní ilẹ̀ Faransé pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, tí kì í tún ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹni mímọ́ ilẹ̀ wọn lé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin 1928, wọ́n fi í hàn ní Copenhagen gẹ́gẹ́ bí Dreyer ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n kí àwọn ará Paris tó wò ó ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Paris àti àwọn aláṣẹ tí ń yẹ sinimá wò ti ní kí wọ́n gé àwọn apá kan kúrò nínú rẹ̀, láìjẹ́ pé Dreyer fọwọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ó fi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì hàn bí òǹrorò tí ń fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí là á ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Àwọn tí ó sì wò ó kò fi ohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí ó dé New York ní 1929, lámèyítọ́ ìwé ìròyìn New York Times yìn ín gidigidi, ó sì gbé iṣẹ́ Falconetti ga ju gbogbo ohun yòókù lọ. Ní ọdún kan náà, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ H.D. kọ àròkọ tí ó fi ìdààmú ọkàn rẹ̀ hàn. Ó gbà pé iṣẹ́ ọnà ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó ní ìkà náà pọ̀ jù, kò sì rí Jeanne akọni tí ó wà lọ́kàn òun nínú ọmọbìnrin tí wọ́n ń dá lóró yìí. Àríwísí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ tì, nítorí òótọ́ ni pé Jeanne ajagun kò sí nínú eré náà.

Ọjà pàápàá dá ẹjọ́ tirẹ̀. Sinimá tí ń sọ̀rọ̀ ti ń gba òde nígbà náà. Owó tí wọ́n ná kò padà wọlé, àárín Dreyer àti ilé-iṣẹ́ náà sì dàrú.

Iná jó o lẹ́ẹ̀mejì

Bí ẹni pé àyànmọ́ Jeanne fẹ́ bá sinimá rẹ̀ náà jà, iná sọ ní ìlú Berlin ní oṣù kejìlá 1928, ó sì jó ògidì fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ àwọn ẹ̀dà yòókù. Dreyer kò jókòó sunkún. Ó padà sí ibi àwọn àwòrán tí ó ti pa tì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ya ìran kọ̀ọ̀kan. Ó sì fi wọ́n to sinimá náà jọ lẹ́ẹ̀kejì. Ní 1929, ìròyìn dé pé iná tún ti jó ìyẹn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀dà tí ó kù nílẹ̀ di àkísà. Àwọn kan ti já, àwọn kan ti ṣá, wọ́n gé òmíràn kúrú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Lo Duca rí ògidì fíìmù kejì tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti jóná. Ó fi orin Bach àti ti àwọn mìíràn sí i, ó yọ àwọn kan nínú gbólóhùn tí Dreyer kọ sí àárín àwòrán, ó sì gbé e jáde. Inú Dreyer kò dùn sí i rárá. Síbẹ̀, èyí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìyìn sinimá náà kò dínkù. Ní 1952, nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà Sight and Sound ní kí àwọn lámèyítọ́ dìbò fún àwọn sinimá tí ó dára jù láyé, ó wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ní 1962, Jean-Luc Godard fi obìnrin kan hàn nínú sinimá tirẹ̀ tí ó jókòó nínú òkùnkùn, tí ó ń wo ojú Falconetti, tí omi sì ń bọ́ lójú òun náà. Ẹ̀dà tí ó fara gbọgbẹ́ ni ayé ń wò, ojú yẹn kan náà ni ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní Dikemark

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 1981, nínú iyàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní Dikemark, ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tí kò jìnnà sí Oslo ní ilẹ̀ Norway, wọ́n bá àwọn agolo fíìmù àtijọ́. Wọ́n kó wọn ránṣẹ́ sí àjọ tí ń tọ́jú sinimá ní ilẹ̀ náà. Ọdún mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó yẹ̀ wọ́n wò dáadáa ní 1984. Ìgbà náà ni wọ́n mọ̀ pé ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ ni, tí gbólóhùn rẹ̀ wà ní èdè Denmark, tí àwọn aláṣẹ Paris kò tíì fi àlùmọ́gàjí kàn. Ní 1985, Cinémathèque Française ní Paris tún un ṣe, wọ́n sì dá gbólóhùn èdè Faransé padà sí i. Dreyer kò sí láyé mọ́. Ó ti kú ní 1968. Falconetti ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1946.

Ìdájọ́ tuntun wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn àwòrán tí Dreyer kọ́kọ́ fọwọ́ sí padà sí ipò wọn, ó sì ṣeé ṣe láti mọ ohun tí ó ní lọ́kàn nígbà tí ó to ojú kan tẹ̀lé òmíràn. Nínú ìbò Sight and Sound ti 2012, ipò kẹsàn-án ni ó wà. Ní 2022, ó wà ní ipò 21. Èyí kò sọ pé àríyànjiyàn ti tán. Àwọn kan fẹ́ràn orin tí Richard Einhorn ṣe ní 1994 láti bá a rìn. Àwọn kan ní ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni ó yẹ ẹ́. Wọ́n ń jiyàn lórí bí ó ṣe yẹ kí ó yára tó: bí wọ́n bá fi àwòrán 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba ìṣẹ́jú 80 ó lé díẹ̀, bí ó bá jẹ́ 20, yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 97. Onígbàgbọ́ rí ẹni mímọ́ nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn rí ọmọbìnrin púrúǹtù kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé rọ̀gbà yí ká. Àwọn tí ó sì rò bíi ti H.D. ṣì wà, pé ẹkún náà ti pọ̀ jù.

Ìgúnlẹ̀

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àríyànjiyàn ìsinsìnyí àti ti àtijọ́ ni pé ohun kan náà ni wọ́n jọ ń wò báyìí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí ó dá ẹjọ́ iṣẹ́ ọnà lórí àjákù rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òǹwòran 1930 tàbí 1960 kò ní ọgbọ́n. Ẹ̀rí tí ó dé iwájú wọn ni kò pé.

Jeanne kò bá gbà ìdáláre ní 1456 bí àwọn akọ̀wé Rouen kò bá ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹnìkan kò sì tọ́jú ìwé wọn. Sinimá rẹ̀ kò bá sì wà lónìí gẹ́gẹ́ bí Dreyer ṣe kọ́kọ́ ṣe é, bí ẹni tí ó ṣí iyàrá ẹrù yẹn ní Dikemark bá ti da àwọn agolo náà sórí ààtàn. Kò pọn dandan kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ Dreyer tàbí kí ó ti gbọ́ orúkọ Falconetti rí. Ohun tí iṣẹ́ náà bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó má sọ ohun àtijọ́ nù kí ó tó bèèrè ohun tí ó jẹ́.