Ìwé Mẹ́wàá Àwọn Tí Kò Wọ Girama

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1859, wọn á kan ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, wọn á sì gba ibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì. Wọn kì í dárúkọ àwa tí a kò rówó girama san, tó jẹ́ ìdí káńtà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ àti bárékè ọlọ́pàá la ti kàwé tí a fi gba ìwé mẹ́wàá. GCE, ìdánwò àwọn aládàáni tí kò sí nílé ẹ̀kọ́, ni ilẹ̀kùn tiwa. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbà wọ ọ́ báyìí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń gbabẹ̀ kọjá mọ bí ó ṣe débẹ̀.

Kí WAEC, ìgbìmọ̀ ìdánwò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó dé, òkè òkun ni ìdánwò ti ń wá. Cambridge ló ń ṣe ti àwọn ọmọ girama, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ni mátíríkì, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó ìwé ìdáhùn lọ kí wọ́n tó máàkì í. Ẹni tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún ti Lọ́ńdọ̀nù, kó máa kàwé nínú ilé ara rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà. Níbi tó ti ń ra kòkó, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ló ti ń kàwé, tó fi gboyè B.Com. ti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944, kó tó wọkọ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Lẹ́yìn ogun Hitler ni Ọ̀jọ̀gbọ́n George Barker Jeffery, ọ̀gá Institute of Education ní Lọ́ńdọ̀nù, wá wò ó bóyá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lè ní ìgbìmọ̀ ìdánwò tirẹ̀. Àbọ̀ tó jẹ́ ní 1950 ló bí WAEC ní 1952, fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Làìbéríà dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1974. Accra ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, ti Nàìjíríà sì wà ní Yábàá l'Ékòó. Yábàá ni gbogbo wa ń kọ̀wé sí.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 ló sọ GCE di ohun tí tọlọ́rọ̀ tòtòṣì mọ̀. Àwọn ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà pọ̀ ju àyè tó wà ní girama lọ fíìfíì, owó sì ni wọ́n ń san ní girama. Sẹ́kọ́ńdírì Mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n là kalẹ̀ fún àwa yòókù. A jáde níbẹ̀, àwọn kan di ọlọ́pàá, àwọn kan di akọ̀wé kékeré, èmi di tísà, mo sì lọ gba Gíréèdì Tú ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n Gíréèdì Tú nìkan kì í sábà gbé èèyàn wọ yunifásítì. Ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹni tó ní ìwé mẹ́wàá ń gòkè, ẹni tó ní ìwé Mọ́dà sì ń gbé fáìlì fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló mọ iṣẹ́ náà jù. Èyí ló ń lé wa wá sídìí GCE.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe tèmi ní àwọn ọdún 1970, abúlé kan lẹ́yìn Ìwó ni mo ti ń kọ́ni. Èèyàn gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá kó tó rí fọ́ọ̀mù. Tó bá sì rí i, kì í tètè fọwọ́ kàn án. Mo rántí pé orí ìwé mìíràn ni mo ti kọ́kọ́ kọ gbogbo ìdáhùn mi, lẹ́yìn náà ni mo tó fọ ọwọ́, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo wá fi bíírò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kan nínú àpótí kan. Orúkọ ọkọ mi ni kí n lò ni, àbí orúkọ ilé bàbá mi? Orúkọ ilé bàbá mi ló wà lórí ìwé Mọ́dà, òun ni mo kọ. Onífọ́tò ya àwòrán mi lábẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ó ní kí n ṣí gèlè. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ra pósítà ọ́dà tí mo fi sanwó, mo sì gé etí rẹ̀ pa mọ́. Gbogbo rẹ̀ wọnú àpòòwé rẹ́jísítà, èyí tí ìlà aláwọ̀ búlúù dá bú níwájú àti lẹ́yìn, akọ̀wé póòsù lù ú ní òǹtẹ̀, ó já rìsíìtì fún mi. Rìsíìtì yẹn ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní títí lẹ́tà fi dé láti Yábàá. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá sọnù lọ́nà, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Mo mọ tísà tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kó tó rówó mìíràn kó jọ.

Ìwé kíkà ńkọ́? Àwọn tó lówó díẹ̀ ń gba lẹ́sìnnì láti Wolsey Hall ní Oxford tàbí Rapid Results College, póòsù náà ló ń gbé e wá. Àwa tísà mẹ́rin dáwó gba ẹyọ kan, a sì ń fi ọwọ́ dà á kọ fún ara wa. Tí mo bá ti gbọ́mọ sùn tán ni ìwé tèmi tó ń bẹ̀rẹ̀. Mo yege, èyí tó ṣẹ́kù mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, nítorí wọ́n gbà pé kéèyàn kó èsì ìjókòó méjì pọ̀. Àǹfààní ńlá gbáà nìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń tọ́mọ.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ ìdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní 1988, SSCE gba ipò WASC, ìwé mẹ́wàá àwọn ọmọ girama, ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1999, Nàìjíríà bọ́ sórí WASSCE, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìdánwò mìíràn, NECO, sílẹ̀. GCE tàbí Nov/Dec ni àwọn èèyàn ṣì ń pe ti àwa aládàáni.

Ohun tó yí ìdí ọ̀rọ̀ padà ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001, káfẹ̀ hù káàkiri ìgboro, pósítà ọ́dà kú, èèyàn wá ń ra PIN ìforúkọsílẹ̀, ó ń jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù pé lẹ́tà máa sọnù mọ́. Abúlé lẹ́yìn Ìwó àti Yábàá di ọ̀kan. Ìtẹ̀ka tún dé: ìka tí ọmọ fi forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n lè fi dá a mọ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo yọ̀ sí èyí jọjọ, torí mo mọ bí àwọn mẹ́síńárì tó ń bá olówó jókòó ṣe ìdánwò ṣe sọ ìwé wa di yẹpẹrẹ lójú àwọn agbanisíṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ni fọ́ọ̀mù wá bọ́ sí, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lẹ́yìn ilé mi l'Óṣogbo, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ó kó owó fún ọmọkùnrin kan ní káfẹ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un lẹ́nu, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí èrò pọ̀. Nígbà tí ó mú fọ́tò káàdì ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wá hàn mí, Government ló wà níbi tó yẹ kí Biology wà, lẹ́tà kan sì ti fò nínú orúkọ bàbá rẹ̀, kò bá ti NIN rẹ̀ mu. Ọmọ náà kò tíì ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Àwa tí a tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, a lọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kan nínú fọ́ọ̀mù wa tí ojú wa kò rí. Ohun tí mo rò pé ìran yìí pàdánù nìyẹn, ó sì ṣeé gbà padà láìná kọ́bọ̀.

Láti 2018 ni WAEC ti ń ṣe ti aládàáni lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, èyí àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní 2024, wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà: ojú ẹ̀rọ ni ìbéèrè ń hàn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáhùn ọ̀bjẹ́ẹ́tíìfù, ìwé ni wọ́n sì ń kọ éèsè sí. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ìyálé ilé tí kò fọwọ́ kan máòsì rí gbọ́dọ̀ rí ibi tó ti máa fi kọ́ra kí ọjọ́ náà tó pé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́dọ̀ yín, tí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ ṣe GCE, ẹ bá a lọ sí káfẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ jókòó sójú kọ̀ǹpútà, kó fi orúkọ wé ti NIN ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó ka àwọn ẹ̀kọ́ tó yàn àti ìlú tó ti fẹ́ jókòó sókè ketekete, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Submit. Tí ọjọ́ ìdánwò bá sì pé, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀, ẹ má ṣe yọ owó ọjọ́ náà kúrò nínú owó rẹ̀.