Níbo Ni Àlejò Ti Ń Jẹun ní Ẹ̀pẹ́? Ìtàn Ìkòkò Etí Ọ̀sà Wa

Ìbéèrè kan wà tí àlejò kì í gbàgbé láti bi wá nígbà tí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀: "Níbo ni a ti lè rí oúnjẹ gidi jẹ nílùú yín?" Ìbéèrè kékeré ni lójú ẹni tí ó ti yó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí a bá gbé ka iwájú àlejò ni yóò fi mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ìtàn dáhùn ìbéèrè náà ní ọdún yìí, nítorí pé ìlú wa ti ń bọ́ àlejò tipẹ́ kí ọkọ̀ mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí.

Kí a kọ́kọ́ wo ibi tí Ẹlẹ́dàá fi wá sí. Ọ̀sà mẹ́ta ni ó so mọ́ ara wọn ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀sà Èkó wà ní ìwọ̀ oòrùn, omi iyọ̀ sì máa ń ti inú òkun wọ inú rẹ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí wà ní ìlà oòrùn, omi dídùn sì ni tirẹ̀. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ẹja omi dídùn àti ẹja omi iyọ̀ fi ń pàdé lórí igbá àwọn ẹlẹ́ja wa: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti ẹpìyà, pẹ̀lú edé àti akàn. Lẹ́yìn ìlú ni igbó wà. Àwọn àgbà ń pìtàn pé ọdẹ ni Húrákà tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tí ó sì tẹ̀dó sí Pókà. Bí a bá tẹ̀lé ìtàn yìí, igbó ni ó kọ́kọ́ bọ́ wa kí omi tó bọ́ wa. Igbó Ọmọ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925 kò jìnnà sí wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, erin sì ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní olónìí.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀sà ni títì wa. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó epo pupa, ẹ̀kùrọ́, aṣọ àti ẹja láti èbúté dé èbúté, láti Èkó títí dé ọjà Èjìnrìn tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, àti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá fi gbogbo òru wa ọkọ̀ kò ní ìbéèrè méjì nígbà tí ó bá gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwọn obìnrin etí omi mọ èyí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti dáná sí ààrò, tí wọ́n ti gbé ọbẹ̀ ka iná, tí wọ́n sì ti ń ro ẹ̀bà. Ewùrà tí àwọn ará oko bá gbé wá ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ tí a fi ń mọ ọmọ Ìjẹ̀bú níbikíbi tí ó bá wà. Wọn kò kọ orúkọ sí ara ògiri, wọn kò sì gbé pátákó kọ́. Èéfín ni àlejò ń tẹ̀lé dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àlejò tí ó lókìkí jùlọ nínú gbogbo àwọn tí èbúté wa gbà ni Ọba Kòsọ́kọ́. Ní oṣù kejìlá 1851 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí Òṣòdì Tápà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, fi ọkọ̀ gba orí ọ̀sà wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùjókòó. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ogun lé kò lè kọ́ ilé kí ó tó jẹun. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn jíròrò ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìkòkò ẹnìkan ti ní láti wà lórí iná fún wọn. Ní 1854, Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín. Ní 1862 ó padà sí Èkó pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, ibi tí àwọn tí ó bá a lọ tẹ̀dó sí ní Èkó ni a sì ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò lọ. Àwọn ni baba ńlá àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú àwọn ará Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ nínú ìlú kan náà.

A kò ní purọ́ pé kò sí aáwọ̀ rí láàárín ìhà méjèèjì. Ahọ́n àti eyín pàápàá máa ń jà. Ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ọ̀sà kan náà ni wọ́n sì ń dẹ àwọ̀n sí. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní ọdún Èbì. Àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ ní Kàyó-kàyó, èyí tí wọ́n fi ń rántí dídé Kòsọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fetí sí orúkọ ọdún yìí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yíyó nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wá pẹ̀lú ìṣẹ́ ogun kò gbàgbé pé wọ́n jẹun níhìn-ín, wọ́n sì sọ ìrántí rẹ̀ di ọdún.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó wá fún rere. Ní oṣù karùn-ún 1892, èbúté wa yìí ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó gba orí ilẹ̀ lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmagbọn. Bí èbúté ti ń gba ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba ọ̀tá. Síbẹ̀ nígbà tí ogun parí, iná àwọn obìnrin etí omi kò kú.

Ohun tí ogun kò lè ṣe, ọ̀nà mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ omi, àwọn olóúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí ṣí kúrò ní èbúté lọ sí ibùdókọ̀ àti etí títì. Ní ọjọ́ òní ẹ̀wẹ̀, àlejò tún ti pọ̀ sí i ní agbègbè wa. Ní 2023 ni a ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kí àti ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò sì ń gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kọjá. A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń jẹ?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan wá kí wa láti ilẹ̀ òkè. A fẹ́ fi ìlú wa yangàn, a sì mú wọn lọ sí ilé oúnjẹ ńlá kan ní etí títì, níbi tí fáànù ń fẹ́ tí àga sì ń dán. Nígbà tí oúnjẹ dé, ẹja yìnyín tí wọ́n kó ti òkè òkun wá ni ó wà nínú ọbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ṣé ọ̀sà yín ti gbẹ ni?" Ojú tì wá. A kò rí ẹnikẹ́ni dá lẹ́bi ju ara wa lọ, nítorí pé àwa ni a yan ilé náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a mú wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí a ti ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Abẹ́ páànù tí ó ń jò ni ó ti ń dáná. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ fún wa, ó sì fi ọ̀bọ̀kún tí a pa ní òru ọjọ́ náà sí i. Àwọn àlejò wa jẹun, wọn kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fọwọ́. A kí ìyá náà, a sì bi í léèrè ta ni yóò jogún ààrò náà.

Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi obìnrin ní èéfín ń ta òun lójú. Èkó ni ó wà tí ó ń tajà. Èmi kò bá a wí, ẹ̀yin náà ẹ wo abẹ́ tí mo wà. Ẹja kò tíì tán nínú ọ̀sà o. Ẹni tí yóò sè é ni ó ń tán."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà. Nítorí rẹ̀ ni a fi kọ ìwé yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé, ẹ gbọ́ ìdáhùn wa. Ẹ jí ní kùtùkùtù. Ẹ lọ sí ọjà Olúwo nígbà tí ẹja ṣì ń mí, kí ẹ wo ohun tí ọ̀sà fún wa ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ẹ tẹ̀lé èéfín. Ẹ bèèrè ìkọ́kọrẹ́, tàbí ẹ̀bà gàárì Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Ẹ ra ẹja yíyan dání fún àwọn ará ilé. Ẹran ìgbẹ́ wà lọ́jà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra èyí tí òfin dáàbò bò. Igbó tí ó kọ́kọ́ bọ́ wa ti rẹ̀, ó yẹ kí a jẹ́ kí ó sinmi.

Ní ti Ẹgbẹ́ wa, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a kọ́ ilé ìdáná tí kì í jò sí etí omi fún àwọn olóúnjẹ, pẹ̀lú ààrò tí ó ní ọ̀nà èéfín. Èkejì, kí omi mímọ́ àti gọ́tà wà níbẹ̀, kí ìdọ̀tí wa má baà ṣàn padà sínú ọ̀sà tí ó ń bọ́ wa. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa jẹ́ kí àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọ́ oúnjẹ ìlú wọn lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Owó rẹ̀ kò tó ti gbọ̀ngàn ńlá kan, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ yóò pẹ́ jù ú lọ.

Bí Kòsọ́kọ́ bá tún gúnlẹ̀ sí èbúté wa ní òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ẹja yìnyín ni a óò gbé fún un. Kí iná etí ọ̀sà wa má kú o. Kí Ẹ̀pẹ́ ó máa gbòòrò sí i. Àmín.